Ọmọ tí ò ríran tí ò sì gbọ́ràn látinú ìyá ẹ̀, kí ló fi ń ronú?

Ìbéèrè yìí ti ń jà ràn-ìn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo gbọ́ ọ níbi ìkómọ kan ní Ìlawẹ̀, mo tún gbọ́ ọ nínú mọ́tò láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì méjì ló ń bá ara wọn fà á, ọ̀kan ní Yorùbá lòun fi ń ronú, èkejì ní òyìnbó lòun fi ń ro tòun torí òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé àwọn, ni ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn bá dá sí i pé ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tí wọ́n bí tí ò ríran, tí ò gbọ́ràn, tí ò gbọ́ Yorùbá tí ò gbọ́ òyìnbó, òun ńkọ́, kí lòun fi ń ronú? Gbogbo mọ́tò dákẹ́. Dírẹ́bà ló dá a lóhùn, ó ní, "Mummy, irú ẹni yẹn ò lè máa ronú nǹkan kan o."

Ó dùn mí gan-an. Mi ò fèsì torí mo ti débi tí mo fẹ́ bọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, torí mo mọ ọmọkùnrin kan ní abúlé yèyé mi, lápá Ìjerò lọ́hùn-ún, ọmọ ọdún méje, tí ò ríran tí ò sì gbọ́ràn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, mo sì ti fojú ara mi rí i tó ń ronú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Ọ̀sán Sunday kan ni. Ọmọ yìí jókòó sórí pèpéle níwájú ilé, ó ń fi okùn wé ìka ọwọ́ ẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń wé e. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ẹ mọ bí iyán tiwa ṣe ń rí, tí èèyàn méjì bá dojú kọ odó kan, ilẹ̀ á máa mì tìtì. Ọmọ odó ò tíì bọ́ ju bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí ọmọ yìí fi dá ọwọ́ dúró. Ó sọ okùn sílẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá dìde, ó fọwọ́ òsì tọ ara ògiri lọ, ó kan ilẹ̀kùn kan, ó kọjá ẹ̀, ó kan ìkejì, ó wọlé, ó lọ síbi tí wọ́n ń kó abọ́ sí. Abọ́ tánganran bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò yí etí wọn ká, ó ń gbé wọn padà, títí tó fi kan èyí tí etí ẹ̀ ti bó lójú kan. Èyí yẹn ni tiẹ̀. Ó gbé e, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà ẹ̀. Iyán ò tíì kúnná o. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni ò sì pè é, ta ni ì bá pè é tó máa gbọ́? Ìyá àgbà wá sọ fún mi pé ẹ wò ó, kò ní na abọ́ yẹn báyìí, ó di ìgbà tí iyán bá kúnná tí ilẹ̀ ò mì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà tí wọ́n dẹwọ́, tí wọ́n ń ro iyán nínú odó, ló na abọ́.

Ẹ bá mi rò ó. Ọmọ yẹn mọ̀ pé ilẹ̀ tó ń mì túmọ̀ sí oúnjẹ tí ò tíì délẹ̀. Ó mọ abọ́ tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ó mọ ibi tó wà, ó mọ bí etí ẹ̀ ṣe rí kó tó fọwọ́ kàn án. Ó mọ̀ pé àsìkò ò tíì tó. Tí ìyẹn ò bá jẹ́ èrò, kí ni ká wá pè é? Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀, kò gbọ́ "iyán" rí, kò gbọ́ "abọ́" rí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ.

Èdè wa pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tá a ń sọ ọ́ lọ. A kì í sọ pé èèyàn "ro ẹnu", inú la máa ń rò, òun la fi ń sọ pé ó ń ronú. Tá a bá tún wo "gbọ́", etí nìkan kọ́ ló ni ín: a máa ń gbọ́ òórùn, bẹ́ẹ̀ imú la fi ń gbọ́ ọ. Ọmọ tí mò ń sọ yìí ń gbọ́ òórùn o, ó ń gbọ́ ọ débi pé tí ìyá àgbà bá ti ọjà dé, ó máa ń mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà, á ti máa na ọwọ́ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó bá jẹ́ àlejò ni, á fà sẹ́yìn.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde, Helen Keller, obìnrin kan tí ò ríran tí ò sì gbọ́ràn, làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò burú, ṣùgbọ́n wọn ò bí Helen Keller bẹ́ẹ̀. Ọdún 1880 ni wọ́n bí i ní Alabama ní Amẹ́ríkà, ó ń ríran, ó ń gbọ́ràn, ìgbà tó di ọmọ oṣù 19 ni àìsàn kan gba ojú àti etí lọ́wọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń gbìyànjú láti pe omi nígbà yẹn, ó ń sọ pé "wah-wah". Laura Bridgman tí wọ́n kọ́ ṣáájú ẹ̀ ní Boston náà, ọmọ ọdún méjì ni kí ibà tó ṣe é. Àwọn méjèèjì ti fetí gba èdè díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹni tí ilẹ̀kùn tì kó tó dáyé yàtọ̀ sí wọn, kò sì dáa ká máa da gbogbo wọn pọ̀.

Síbẹ̀, ohun tí Helen fúnra ẹ̀ sọ nípa àkókò yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ló padà wá sọ ọ́ fún wa. Ní 1908 ó kọ ọ́ pé kí tíṣà òun tó dé, òun ò mọ̀ pé òun wà, pé inú ayé tí kì í ṣe ayé lòun ń gbé. Àwọn kan gba ibẹ̀ yẹn mú, wọ́n ní ẹ ò rí i, láìsí èdè kò sí èrò. Èmi ò gbà. Torí Helen yìí kan náà ló sọ pé nígbà tóun wà nínú òkùnkùn yẹn, òun ti ìyá òun mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, òun fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ìyá ń gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà fún bíi wákàtí mẹ́ta, òun sì jókòó síta lórí àtẹ̀gùn, òun ń rẹ́rìn-ín torí òun ń fi ara gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń mì. Ọmọ tó lè tì ìyá ẹ̀ mọ́lé, tó sì jókòó láti jẹ adùn ẹ̀, ẹ ní kò ronú? Ó tún ní àmì tirẹ̀ bí ọgọ́ta tó ń fi ọwọ́ ṣe fún àwọn ará ilé, tó bá fẹ́ ice cream á gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Àwọn àgbà wa ló ní ìyá odi ló ń gbọ́ èdè odi. Ohun tí mo rò pé Helen ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ń wo èrò ẹ̀ láti inú, èrò ń kọjá, ìbínú ń kọjá, ebi ń kọjá, ṣùgbọ́n kò sí "èmi" kan tó jókòó tó ń sọ pé èmi ni mo rò ó. Ìyẹn ni èdè gbé wá fún un. April 5, 1887, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, tíṣà ẹ̀ Anne Sullivan da omi sí i lọ́wọ́ kan, ó ń kọ w-a-t-e-r sí ìkejì, ọmọ náà dúró sójú kan gbọnin. Kó tó dalẹ́, ó ti mọ orúkọ bíi 30.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn gan-an ni Marie Heurtin, àwọn èèyàn ò sì mọ̀ ọ́n tó bó ṣe yẹ. Ọmọ Faransé ni, 1885 ni wọ́n bí i, kò sì ríran, kò sì gbọ́ràn láti ìbí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí bàbá ẹ̀ gbé e lọ sí Larnay nítòsí Poitiers, sọ́dọ̀ àwọn sister ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ àwọn ọmọ adití. Ọmọ yẹn ń pariwo, ó ń yí nílẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó gbé láti ilé, ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Sister tó ń tọ́jú ẹ̀, Sœur Sainte-Marguerite, gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ bínú. Sister mú ọwọ́ ọmọ méjèèjì, ó fi ọ̀kan fà lórí èkejì bí ẹni ń gé nǹkan, ó dá ọ̀bẹ padà fún un. Ó tún gbà á. Ó tún ṣe àmì yẹn, ó dá a padà. Wọ́n ṣe é títí, tí ọmọ fúnra ẹ̀ fi gbé ọwọ́ kan lé èkejì, ó fi gé e.

Mo fẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn wà. Ọmọ yẹn ò kọ́ ọ̀bẹ lọ́jọ́ yẹn, ó ti mọ ọ̀bẹ. Ó mọ bó ṣe tutù, ó mọ bó ṣe mú, ó mọ̀ pé tòun ni, ó mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó sì fẹ́ kó padà. Gbogbo èrò yẹn ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìsí orúkọ. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé òun lè fi ọwọ́ òun fi nǹkan tó wà nínú òun sínú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ́ àmì, ó kọ́ Braille, ìyẹn àmì tó yọ sókè lórí ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, ó ń kọ lẹ́tà. Ọdún 1921 ló kú.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀nà mìíràn, ìdí tó sì fi tún gbóná lásìkò yìí ni àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tí aráyé ń bi ara wọn pé ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa náà ló ń ronú. Ní 2024, Evelina Fedorenko ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Steven Piantadosi àti Edward Gibson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé iṣẹ́ tí èdè ń ṣe jù ni kí á fi bá ara wa sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé òun la fi ń ronú. Ara ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni àwọn èèyàn tí stroke ba ibi tí èdè ń gbé nínú ọpọlọ wọn jẹ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn yé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣe ìṣirò, wọ́n ṣì ń ronú ohun tó fa nǹkan.

Mo ti rí irú ẹ̀. Bàbá kan wà ní Bàṣírì níbí nínú Adó, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí stroke ti gba ẹnu lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá kí wọn, "ẹ ẹ ẹ" ni wọ́n máa sọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn lálẹ́, ẹ máa gba ìyà. Ihò 12, ọmọ ayò 48, wọ́n máa ń wo ọpọ́n fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá kó láti ojú ibi tí ẹ ò fọkàn sí, ó ti tán nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ èdè, wọ́n ti sọ ọ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí tiwọn yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ò ní i rí.

Torí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi gbọ́ pé mò ń sọ pé èdè ò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe nǹkan púpọ̀, àwọn ibi tó ti ń ṣe é sì yani lẹ́nu.

Ẹ wo òǹkà. Ní Nicaragua, orílẹ̀-èdè kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, àwọn adití wà tí wọ́n dàgbà sáàárín àwọn tó ń gbọ́ràn, wọn ò kọ́ èdè àwọn adití kankan, àmì tí àwọn àti ará ilé wọn jọ dá sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ní. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ná owó. Àwọn onímọ̀ wá dán wọn wò, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2011: tí nǹkan ò bá ju mẹ́ta lọ, wọn kì í ṣì í, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sún mọ́ ọn ṣùgbọ́n wọn ò ní bá a déédéé, wọ́n lè fi mẹ́fà pe márùn-ún tàbí méje. Ẹ wá rò ó, àwa tá a ti ń ka oókan eéjì láti orí ẹ̀yìn ìyá wa, à ń rò pé ojú lásán la fi ń rí méje. Ọ̀rọ̀ "méje" ló ń bá wa dì í mú kó má baà bọ́.

Ibòmíràn ni ká mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn. Ní Nicaragua kan náà, wọ́n ṣí ilé ìwé kan ní Managua ní 1977, àwọn ọmọ adití kóra jọ síbẹ̀, láìsí tíṣà tó kọ́ wọn wọ́n dá èdè ọwọ́ tuntun sílẹ̀ láàárín ara wọn, àwọn àbúrò tó dé lẹ́yìn sì ń fi kún un. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn tó kọ́kọ́ dé pé bí ẹnì kan bá fi nǹkan síbì kan tó sì jáde, tí ẹlòmíràn gbé e kúrò, ibo ni ẹni àkọ́kọ́ máa wá a sí tó bá padà dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà ni wọ́n. Àmì tí wọ́n ní fún "mo rò pé" àti "mo mọ̀ pé" kéré. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí wọ́n ti gba irú àmì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àbúrò wọn, ó yé wọn. Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ adití kan burú tàbí kò láàánú. Ẹ bi ara yín pé ta ló ti sọ fún un rí pé ẹlòmíràn náà ní inú.

Ohun kẹta ni àná àti ọ̀la. Ní Los Angeles, ní nǹkan bí ọdún 1970 àti díẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Susan Schaller pàdé ọkùnrin adití kan, ọmọ ọdún 27, láti Mexico, tí ò ní èdè kankan, tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé èdè wà. Ó ríran ní tiẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ oko, ó ti dá rìnrìn àjò gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Schaller fi ń ṣe àmì fún un, àmì kan náà lọkùnrin yẹn sì ń ṣe padà bíi dígí. Ọjọ́ tó yé e pé gbogbo nǹkan ló lórúkọ, ó wo tábìlì, ó wo ògiri, ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Nígbà tó wá kọ́ èdè tán tí wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ń ronú tẹ́lẹ̀, kò fẹ́ sọ ọ́, ó ní òkùnkùn ni. Bíi ti Helen gẹ́lẹ́.

Ọmọ tí ò ríran tí ò gbọ́ràn ò tiẹ̀ ní ohun tí ọkùnrin yẹn ní. Adití tó ríran lè wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe, ó lè dá àmì sílẹ̀ kí wọ́n sì fi àmì dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ yìí, tí wọn ò bá fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tó wà láyé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di ojú yín kí ẹ di etí yín kẹ́ ẹ wá rò ó. Èèyàn kan gbé yín lójijì láti ẹ̀yìn, kò sọ fún yín, wọ́n bọ́ yín láṣọ, omi tutù dà sí yín lórí. Ta ló ṣe é, kí ló dé, ṣé ó máa tán? Ọmọ tó ń gé èèyàn jẹ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kò ní ọpọlọ. Ọpọlọ ẹ̀ pé, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọpọlọ yẹn kì í sì í fi àyè sílẹ̀ lásán. Láti 1996 ni wọ́n ti rí i pé tí àwọn afọ́jú bá ń fi ìka ka Braille, apá ọpọlọ tí àwa fi ń ríran ló ń bá ìka wọn ṣiṣẹ́. Ilé tí ojú ò gbé, ọwọ́ ti kó wọ̀ ọ́.

Kí ló ń fa á? Ó pọ̀: ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, àrùn tó ń mú ọrùn le, àwọn àrùn ìdílé bíi Usher tí wọ́n máa ń bí èèyàn ní adití tí ojú á wá máa kú díẹ̀díẹ̀ tó bá ń dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí gbogbo ìyá ní Èkìtì mọ̀ ni rubella. Àìsàn tí ò jọni lójú ni, ibà díẹ̀, kí ara sú fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lọ. Ìyá ọmọ tí mò ń sọ yìí rántí pé nígbà tí oyún ẹ̀ wà ní nǹkan bí oṣù méjì, ara òun sú, òun rò pé ooru ni, òun fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Tí rubella bá mú aboyún láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú, etí àti ọkàn ọmọ ló máa ń kọlù. Dókítà ojú kan ní Australia, Norman Gregg, ló kọ́kọ́ rí i ní 1941, torí àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ tójú wọn funfun wá ń sọ ìtàn kan náà fún un. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ẹ̀ jà ní Amẹ́ríkà ní 1964 sí 1965, nǹkan bí 20,000 ọmọ ló bá a wáyé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ti wà láti 1969, àwa ní Nàìjíríà, 2025 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ti measles. Tí àwọn nọ́ọ̀sì bá dé àdúgbò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tilẹ̀kùn.

Èyí tó kàn wá ńlé ni pé Ìkòrò ni ilé ìwé àwọn adití wà, Ìkẹ́rẹ́ ni ti àwọn afọ́jú wà. Ọ̀kan ń fi ojú kọ́ ọmọ torí etí ò sí, èkejì ń fi etí kọ́ ọmọ torí ojú ò sí. Méjèèjì ń gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tí méjèèjì ò sí, àárín ọ̀nà ló bọ́ sí. Ọwọ́ ni ilé ìwé tiẹ̀, ó sì gba tíṣà kan fún ọmọ kan. Ó ṣeé ṣe o. Lábẹ́ ìjọba Soviet ní Rọ́ṣíà, wọ́n ṣí ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ní Zagorsk nítòsí Moscow ní 1963, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ wọ yunifásítì Moscow, wọ́n sì jáde ní 1977. Orí ṣíbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ṣe máa di ṣíbí mú, bó ṣe máa wọ bàtà, kó tó kan ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo bá àwọn ará ilé ọmọ yẹn sọ nìyẹn, mi ò ní kí wọ́n lọ ra nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún ìyá ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà máa bọ́ ọ, pé kò lè mọ nǹkan kan láyé, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ ìyá yẹn lára débi pé kò bá ọmọ ṣeré mọ́. Mo ní kí a gbàgbé ìyẹn. Mo ní kẹ́ ẹ tó wẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi kàn-ìn-kàn sí i lọ́wọ́, kàn-ìn-kàn kan náà, lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó dì í mú dé balùwẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi etí aṣọ kan náà kàn án lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù ní orúkọ lára ẹ̀: ìyá àgbà, kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ wọn kàn án kí wọ́n tó ṣe nǹkan mìíràn, bàbá, kí wọ́n gbé ọwọ́ ẹ̀ lé irùngbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan hàn án, ẹ má fa ọwọ́ ẹ̀ tagbára tagbára, ọwọ́ tiyín ni kó wà nísàlẹ̀, kí tiẹ̀ wà lókè, kó lè sá kúrò nígbà tó bá wù ú. Ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ ojú ẹ̀ tó tún jẹ́ etí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbá ọwọ́ yẹn mú, ẹ ti fọ́ ọ lójú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn jù. Kì í fo ọjọ́ kan. Oṣù kìíní kọjá, ọmọ ń ju kàn-ìn-kàn nù. Oṣù kejì, ó ń dì í mú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ké. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin, kò gé èèyàn jẹ mọ́, tí wọ́n bá ti fi kàn-ìn-kàn sí i lọ́wọ́, òun fúnra ẹ̀ á máa wá bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí pè mí lórí fóònù, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, òun ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, kò sẹ́ni tó ń ronú kan ìwẹ̀. Ó ní àbúrò òun fọwọ́ tọ ògiri jáde, ó wá òun títí ó fi kan orúnkún òun, ó wá ọwọ́ òun, ó ṣí i, ó fi kàn-ìn-kàn sínú ẹ̀, ó sì dúró.

Mo ní kí lo wá ṣe? Ó ní, "Mo sáré lọ pọn omi ni, Bọ̀dá."